Apẹ̀rẹ̀ Tí A Hun Láti Inú

Ẹ̀yìn ni ọkùnrin kan fi ń wọlé nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ó ń fa ìdì pankẹ́rẹ́ tútù gba ẹnu ọ̀nà, omi ń ro láti ara wọn sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Mo kí i, mo bá a gbé apá kan. Ìgbà tí ọwọ́ wa kanra ni ara mi ṣe bákan. Gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti wá sílé yẹn ni ọwọ́ wọn ń sọ iṣẹ́ wọn: agbẹ́gilére kò ní èékánná lórí àtàǹpàkò kan, àtẹ́lẹwọ́ amọ̀kòkò sán bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ọkùnrin yìí ní láti kékeré lòun ti ń hun pankẹ́rẹ́, àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kì í tètè yọ lẹ́nu mi. Ìdí nìyẹn tí Àǹtí, àbúrò ìyá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, fi ń pè mí ní Jẹ́jẹ́.

Àǹtí fẹ́ sọ ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ di ilé àfihàn iṣẹ́ ọwọ́. Ó ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti sọ ọ́ gbangba pé bí ọjọ́ ìṣílé bá kọjá tí kò sẹ́ni tó ka ibẹ̀ sí, àwọn á wó o. Nítorí náà, ó ń ṣa nǹkan bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Òfin rẹ̀ kan wà tí kò ṣeé yí: ohunkóhun tí wọ́n bá ti gé, tí wọ́n lẹ̀, tàbí tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn tó ti parí, kò gbọdọ̀ wọlé. Ojú mi ló ṣe dá ìkòkò kan padà nítorí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà létí rẹ̀. Amọ̀kòkò náà bi í bóyá ìkòkò ló ń wá ni àbí ìyàwó fún ọmọ rẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Àǹtí.

Gbọ̀ngàn àárín ló kù tó ṣófo. Ohun tó lè kún un kò ní lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ni ọkùnrin náà, tí a wá ń pè ní Baba Pankẹ́rẹ́, bá ní ibẹ̀ gan-an lòun á ti hun ún: apẹ̀rẹ̀ tó ga ju ènìyàn lọ, láìsí ìṣó, láìsí okùn. Ó ní àfi kí ẹnì kan tó tín-ínrín wà nínú rẹ̀, kí ó máa gba ẹnu pankẹ́rẹ́ bó bá ṣe ń wọlé. Àǹtí yíjú sí mi.

"Jẹ́jẹ́, ìwọ tó ń sá fún àlejò, Ọlọ́run ti kọ́lé fún ọ."

Ká sòótọ́, inú mi dùn. Bí mo bá ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ní kí n wá kí ẹnikẹ́ni. Òórùn igi tútù kún inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń já lu ẹsẹ̀ mi ní ìlà-ìlà. Láràárọ̀ mo máa ń fi àpótí gùn ún wọlé, nírọ̀lẹ́ Baba Pankẹ́rẹ́ á fà mí jáde. Ògiri rẹ̀ dé orúnkún mi, ó dé àyà, ó kọjá orí. Iṣẹ́ náà yára mọ́ mi lọ́wọ́, èmi tí nǹkan kì í tètè yé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo bi í pé ta ló ń bá a wà nínú àwọn apẹ̀rẹ̀ tó ti hun tẹ́lẹ̀. 

"Àwọn ọmọ jẹ́jẹ́ bíi tìrẹ ni."

"Níbo ni wọ́n wà báyìí, sà?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ létí aláìsàn. Mo rò pé ìlú rẹ̀ ló ń sọ.

Nígbà tí ìṣílé ku ọ̀la, ọrùn apẹ̀rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Mo gbójú sókè, mo rí i pé orí mi nìkan ló lè gba ibẹ̀ mọ́. Mo ní kí n jáde, ká parí ìyókù láti ìta.  Mo yọjú láti àlàfo kan. Ó jókòó sórí àpótí tí mo fi ń gùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Síbẹ̀ pankẹ́rẹ́ ń wọlé.

Mo wo ọwọ́ ara mi. Ìka mi ló ń fà á, ló ń tẹ̀ ẹ́, ló ń so ó. Mo ní kí wọ́n dúró. Wọn kò dá mi lóhùn, àfi bí ẹni pé ọmọ ẹlòmíràn ni mò ń bá wí. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i dáadáa pé gbogbo kókó apẹ̀rẹ̀ náà, láti ìdí dé ọrùn, inú ni wọ́n wà. Ẹni tó wà níta kò lè tú ẹyọ kan. Ọkùnrin yìí kò hun nǹkan kan rí. Èmi ni mo hun ún.

Nígbà tí ọwọ́ mi dí ẹnu apẹ̀rẹ̀ náà tán, wọ́n padà di tèmi. Mo fi wọ́n fa kókó, mo fi eyín fà á, kò mì. Baba Pankẹ́rẹ́ dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ fún Àǹtí lẹ́nu ọ̀nà pé iṣẹ́ ti parí, pé ọmọ náà ṣe dáadáa. Mo pariwo. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kò ju ìró tí pankẹ́rẹ́ ń ṣe bó bá ń gbẹ. Nírọ̀lẹ́ mo gbọ́ tí Àǹtí ń pè mí kiri ilé, tó ń kùn pé mo tún ti sá fún àlejò.

Àwọn àlejò ìṣílé dé lọ́jọ́ kejì. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé ohun tó bá fẹnu sí ni gbogbo ayé ń wá wò. Ó yí apẹ̀rẹ̀ náà po. Nígbà tó yá ó ní ìyókù tó wà nínú ilé náà dára, àmọ́ òun lè rí wọn níbòmíràn. Nítorí èyí ni òun á ṣe ránṣẹ́ pe àwọn èèyàn òun. Ó bi Àǹtí bóyá kò sí ibi tí wọ́n ti gé e. Àǹtí ní kò sí. Wọ́n kọjá sí yàrá kejì lọ mu nǹkan tútù.

Àǹtí dúró sẹ́yìn láti nu eruku. Ojú rẹ̀ súnmọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí àtíkè tó kó sójú ìlà ẹ̀rín rẹ̀.

"Àǹtí, èmi ni," mo ní. "Ẹ gé e."

Ìró pankẹ́rẹ́ gbígbẹ náà ló tún jáde, àmọ́ Àǹtí súnmọ́ mi tó láti gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró. Kò bi mí pé ta ni. Ó ti ìka kan bọ inú àlàfo, mo sì dì í mú. Ìka náà tutù. Ó fi ọwọ́ kejì fa sísọ́ọ̀sì yọ nínú àpò, èyí tí wọ́n fi gé ríbọ́ọ̀nù ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹnu sísọ́ọ̀sì náà há pankẹ́rẹ́ kan. Mo gbọ́ tí èèpo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já.

"Ẹyọ kan ti tó, Àǹtí mi. Màá ya ìyókù fúnra mi."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín ní yàrá kejì. Ẹnì kan ń bèèrè pé níbo ni onílé wà. Mo ń wo ojú Àǹtí láti inú àlàfo. Ojú náà kúrò lára mi, ó lọ sára ògiri, ó lọ sókè àjà, ó padà sílẹ̀. Omi kún un.

Ó rọra fa ìka rẹ̀ yọ. Mo dì í mú títí ó fi yọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó sọ sísọ́ọ̀sì padà sínú àpò, ó fi etí gèlè nu ojú, ó sì kọrí sí yàrá kejì. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró díẹ̀, kò wẹ̀yìn. Ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn náà mọ́ra jẹ́jẹ́.