Ọlọ Abẹ́ Síǹkì Àbúrò Mi

Mo ṣí fìlà lórí, mo ṣèlérí níwájú gbogbo yín: ọ̀rọ̀ yìí ò ní gùn. Òótọ́ sì ni, láti orí dé ìdí. Mo mọ̀ pé èmi ni mo máa ń pa yín lẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ ká ti rẹ́rìn-ín. Ẹ gbàgbé ìyẹn lónìí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tún ẹ̀rọ ilé ìdáná ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìka mẹ́wàá ni mo gbé wọṣẹ́, mẹ́wàá náà ni mo gbé jáde. Ẹ wá kà wọ́n. Kì í ṣe ọgbọ́n, ìbẹ̀rù ni. Ẹni tó bá fẹ́ tún ọlọ abẹ́ síǹkì ṣe, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń lọ àjẹkù oúnjẹ kó lè bá omi lọ, kó kọ́kọ́ fa púlọ́ọ̀gì rẹ̀ yọ lára ògiri. Kó má wulẹ̀ pa súwíìṣì nìkan. Lẹ́yìn náà, kó má ki ọwọ́ bọ ibẹ̀. Ọwọ́ ò ní àfirọ́pò.

Aránṣọ ni àbúrò mi obìnrin. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ló pè mí lórí fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ọlọ yìí ti há o."

"Kí lo fún un jẹ?"

"N ò fún un ní nǹkan kan."

"Eegun ńkọ́?"

Ó húkọ́.

"Òróró ńkọ́?"

"Díẹ̀ báyìí ni. Ẹ̀yin náà!"

"Òróró á dì sí i lọ́fun. Omi tútù ni ká máa ṣí sí i, kó tó lọ nǹkan àti lẹ́yìn tó bá lọ̀ ọ́ tán. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó."

"Fìlà ìka Màámi ló bọ́ sínú ẹ̀."

Mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi.

Fìlà ìka ni irin kékeré tí aránṣọ ń dé sórí ìka kí abẹ́rẹ́ má baà gún un. Ìyá wa dé tiẹ̀ títí ó fi kú. Òun nìkan ni ogún tí ẹnikẹ́ni ò bá àbúrò mi du. Ó gbàgbé rẹ̀ sórí ìka níbi tó ti ń ṣan abọ́ kó tó tò wọ́n sínú ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́. Mo sì ti ní kó kàn gbọ́n àjẹkù dànù. Ta ló ń wẹ̀ kó tó wọ balùwẹ̀?

Aago méjì ọ̀sán. Oòrùn kún ilé ìdáná. Ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ ń kùn jẹ́jẹ́. Mo fa púlọ́ọ̀gì ọlọ yọ, mo fi okùn rẹ̀ kọ́rùn bí ẹ̀gbà, kí n lè máa rí i. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ síǹkì. Ihò kan wà ní ìdí ọlọ tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ irin bọ̀, ká fi ọwọ́ yí i títí ohun tó há fi máa tú. Mo yí i sọ́tùn-ún. Mo sinmi.

Kọ́kọ́rọ́ náà yí padà sósì.

Jẹ́jẹ́ ni. Bí ẹni tó ní, "Rárá o, ẹ ṣeun."

Mo tún yí i sọ́tùn-ún. Ó tún dá a padà. Mo fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì lọ́rùn mi. Ó tutù. Ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ dákẹ́ lójijì. N ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi omi tó ń kán: tó, tó, tó.

"Mo rí i!" Àbúrò mi ló sọ̀rọ̀ lókè. "Ó ń dán."

"Má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Jẹ́ kí n fún ẹ ní ẹ̀mú."

"Ṣebí ẹ ti yọ iná?"

"Mo ní má..."

Ó ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí yí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Yọwọ́!"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ̀yin lẹ di ọwọ́ mi mú?"

"Èmi tí mo wà nísàlẹ̀?"

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ó ń wọ̀n mí."

"Kí ló ń wọ̀n ọ́?"

"Mi ò mọ̀. Àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ wọ̀n. Ó ti dé ìka àárín. Bí mo ṣe ń wọn àwọn oníbàárà mi gẹ́lẹ́. Bọ̀ọ̀dá mi, ó mọṣẹ́."

Mo dì í mú. Òógùn wọ̀ mí lójú. Irin náà ń fà, kò kánjú.

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Mo yọ jáde lábẹ́ síǹkì: ọwọ́ rẹ̀ ti jáde. Ìka márùn-ún pé. Fìlà ìka Màámi wà lórí ìka àárín. Ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí kùn.

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi. "Ẹ gba ọwọ́ mi là."

Mo fọwọ́ nu òógùn ojú mi.

Ẹ̀yin nìkan ni mo máa sọ fún. Mo jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀. Apá mi kú, kọ́kọ́rọ́ sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ọlọ. Ó yí. Ẹ̀ẹ̀mẹta gbáko. Mo kà á. Àbúrò mi ò ké.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, èmi ni mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kan ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Eré ni mo pè é. Àpá náà dà bí ewé. Láti ìgbà náà, n kì í rí ọwọ́ yẹn kí ojú má tì mí. Lọ́jọ́ yẹn, níbi tó ti dì mọ́ mi, mo wo ẹ̀yìn ọwọ́ náà.

Kò sí àpá níbẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìlà abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í wọ́ mọ́. Àwọn oníbàárà ń yìn ín, òun náà ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá sùn lọ lórí àga lọ́sàn-án, àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka tó tẹ̀ lé e a máa rìn lórí itan rẹ̀. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé omi fún mi. Ìka náà pẹ́ díẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má jẹ́ kó dé etí àbúrò mi. Bó bá tiẹ̀ ti sùn lọ fọnfọn, ẹ má sọ ọ́ nítòsí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.