Ìdíje Ewé-Èémí ní Ayépupa

Ọgbọ́n kún orí Apínṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ló pọ́n ọn lójú. Òun ni ẹ̀rọ tó ń pín iṣẹ́ ìjọba fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ní Ayépupa, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sínú òfuurufú. Ó kéde pé ìlú ń fẹ́ ewé-èémí, ewéko inú omi tí àwọn onímọ̀ ṣẹ̀dá kó lè máa mí afẹ́fẹ́ síta fún ènìyàn. Ìyá kan tó ń jẹ́ Àyìnkẹ́ àti agbaṣẹ́ṣe méjì mìíràn díje. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá díje kò gbọdọ̀ ta ewé rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbìn ín sínú adágún, títí ìjọba yóò fi dá a lóhùn.

Wọ́n dúró títí, Apínṣẹ́ kò fọhùn. Ewé-èémí kì í pẹ́ nínú àgbá. Nígbà tí ti Àyìnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ó gba gbọ̀ngàn ìjọba lọ.

"Ìyá, ẹ máa lọ sílé," ni Ọ̀mọ̀wé Gbádébọ̀ wí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe ẹ̀rọ náà. "Ẹni tó bá borí nìkan ni Apínṣẹ́ ń bá sọ̀rọ̀."

"Ta ló wá borí?"

Gbádébọ̀ wo ilẹ̀. "Kò sẹ́ni tó borí. Ó ti fagi lé ìdíje náà tipẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró onírin, ẹ̀rọ tó ń ṣe afẹ́fẹ́, ló ní kí a máa lò."

"O mọ̀, o sì ń wò wá níran?"

"Ẹ̀rọ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé, Ìyá."

"Irọ́ ni! Ẹ̀yin lẹ ní ká dúró!"

Inú bí Àyìnkẹ́ gan-an. Ó fìdí kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò kúrò àfi bí wọ́n bá fi ìwé yọ̀ǹda ewé òun. Wọ́n rán ẹ̀ṣọ́ onírin sí i, ó fàáké kọ́rí. "Ẹ gbé mi bí ẹ bá lè gbé mi!"

Ibẹ̀ ló wà fún ọjọ́ díẹ̀ kí fèrè ìdágìrì tó dún. Ẹ̀dọ̀fóró onírin ti daṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Gbádébọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, ẹ gbà wá, ẹ kó ewé yín wá!"

Àyìnkẹ́ sáré dìde, wọ́n jọ lọ. Ó ṣí àgbá. Gbogbo ewé náà ti rà. Wọ́n ké sí àwọn méjì yòókù, bákan náà ni. Kò sẹ́ni tó rú òfin nínú wọn.

Omi bọ́ lójú Àyìnkẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Gbádébọ̀! Lọ sọ fún ìlú pé kí wọ́n di ẹrù wọn sínú ọkọ̀, Ayépupa ti tán. Kí o sì sọ ohun tó fà á. Má rán ẹ̀rọ o. Ìwọ ni kóo fẹnu ara rẹ sọ ọ́."