Ìdákẹ́ Ọmọ Aránṣọ

Púrọ́fẹ́sọ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó dúró létí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ó gbé dúróònù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò, ti ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ wọn lé àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó ń fọ́nnu fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù. "Ẹ ṣáà máa wò mí. Ẹ̀rọ kì í purọ́!"

Ọmọ aránṣọ, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ náà, yínmú. Àgbá òfìfo lásán-làsàn! Torí àṣejù ni wọ́n ṣe sọ ọmọkùnrin yìí ní Púrọ́fẹ́sọ̀.

Lánàá, nígbà tí Púrọ́fẹ́sọ̀ kò wá sí kíláàsì, olùkọ́ wọn ṣàlàyé rédà tó wà lábẹ́ dúróònù náà, tó ń wọn bó ṣe ga sílẹ̀ tó. "Ṣe ló ń ránṣẹ́ sílẹ̀, tó ń dúró de gbohùngbohùn. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, èsì kan ló máa bọ̀. Àmọ́ lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, èsì kan á ti orí òkúta wá, òmíràn á ti inú kòtò wá, ẹ̀rọ á wá máa sọ kántankàntan. Ẹ má jẹ́ kó fò sún mọ́lẹ̀ níbẹ̀ o." Ó yíjú sí ọmọ aránṣọ. "Bá mi sọ fún Púrọ́fẹ́sọ̀."

"Ó dáa, sà."

Kò sọ. Ó wù ú kí ojú ti afọ́nnu náà níṣojú gbogbo ayé.

Dúróònù gbéra. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, òǹkà ojú fóònù tí Púrọ́fẹ́sọ̀ fi ń darí rẹ̀ dúró gbọin ní mítà mẹ́ta. Bó ṣe dé orí òkúta, òǹkà bẹ̀rẹ̀ sí í fò: mẹ́ta, mẹ́fà, méjì, méje. Kòtò ló fún un ní méje; ẹ̀rọ rò pé òun ti ga jù, ó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Àpáta sì wà níwájú. Gbàgà!

Ọmọ aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wọn gbọ́ ìró náà, ó sáré dé.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, sà," ni Púrọ́fẹ́sọ̀ wí.

Olùkọ́ ṣa àfọ́kù tán, ó wo ọmọbìnrin náà. "O sọ fún un?"

"Mo rò pé kò ní gbọ́, sà."

"Ṣé o dán an wò? Òun ò mọ̀. Ìwọ mọ̀, o pa á mọ́ra kó o lè rẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ìwọ lo kéré lójú mi."

Dúróònù kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ ní nìyẹn. Ìdíje dúróònù tí ọmọ aránṣọ ti ń múra fún látọdún tó kọjá dojú dé. Lọ́nà ilé, Púrọ́fẹ́sọ̀ ni gbogbo wọn yí ká tí wọ́n ń tù nínú. Nígbà tí ọmọ aránṣọ sáré bá wọn, ẹnì kan wò ó tẹsẹ̀ torí, ó ní, "Ṣíọ̀!"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìmọ̀ tí a fi ìkẹ́gàn há mọ́wọ́ kò sàn ju àìmọ̀kan lọ.