Pákó Tí Kò Sí Nínú Ọkọ̀

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì náà ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́bàá títì Ugwuaji. Maikirosíkóòpù mẹ́jọ, awò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wo kòkòrò àìfojúrí, ti lọ. Ìnspẹ́kítọ̀ Moríyọ̀ yọjú wo inú ọkọ̀. Okùn nìkan ló rí.

"Ta ló dá yín dúró?"

"Ẹ̀ṣọ́ igbó, mà," ni Sírájúdéènì awakọ̀ fèsì. "Ó wọ yunifọ́ọ̀mù. Ó ní a ru pákó láìgba ìwé àṣẹ. Kí n tó lanu, ẹnì kejì ẹ̀ ti ń kó ẹrù wa sínú ọkọ̀ tiwọn."

Ọlábísí, àgùnbánirọ̀ tó ń sin ẹrù náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Amechi, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ lórí fóònù pé ọmọbìnrin náà ló lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ olè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kó gba ìwé ẹ̀rí ìsìnlú. Bí ẹ̀sùn yìí bá lẹ̀ mọ́ ọn, ìwé di àwátì nìyẹn.

Àánú rẹ̀ ṣe Moríyọ̀, àmọ́ kò jẹ́ kó hàn lójú. Ẹ̀ṣọ́ igbó láṣẹ láti dá ọkọ̀ dúró lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ tó bá ru igi ni.

"Pákó wo lẹ rù?"

"A ò ru pákó, mà," ni Ọlábísí wí. "Inú àpótí pákó ni ẹrù wà lánàá. Àpótí náà kò gba ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọlé láàárọ̀ yìí, la bá kó ẹrù sínú páálí. Èmi àti dẹ́rẹ́bà nìkan la wà níbẹ̀."

"Ta ló kan àpótí?"

"Bàbá Kúnmi tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ibi iṣẹ́ wa. Ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n kàn án, èmi nìkan ni mo sì bá wọn níbẹ̀. Wọn ò wá lónìí, wọ́n ní ara àwọn ò yá."

Moríyọ̀ ní kí àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ òun.

Lẹ́yìn ọjà Ogbete, Bàbá Kúnmi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹ̀kọ. Èèyàn oníkùn ńlá ni, ibà kankan ò sí lójú ẹ̀.

"Bàbá, inú kí ni ẹrù yẹn wà nígbà tó kúrò ní sítọ́ọ̀?"

"Àpótí pákó ni. Ọwọ́ mi ni mo fi kàn án."

"Páálí ni, sà," ni Moríyọ̀ fèsì. "Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ láàárọ̀."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ bàbá.

"Dẹ́rẹ́bà mọ̀ pé páálí ni," ni Moríyọ̀ wí. "Ọlábísí náà mọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ló rán olè yẹn, kò ní máa bèèrè pákó. Ẹni tó kọ́ ọ lóhun tó máa sọ ti rí àpótí, kò sì rí páálí. Ẹ̀yin nìkan nìyẹn."

Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Òrùlé sítọ́ọ̀ jò lọ́dún tó kọjá. Omi ba gbogbo maikirosíkóòpù náà jẹ́, mi ò sọ fẹ́nì kan. Bí wọ́n bá ṣí wọn ní Amechi, wọ́n á lé mi, nígbà tó ku oṣù méjì kí n fẹ̀yìn tì. Àbúrò ìyàwó mi ló lọ wọ aṣọ yẹn. Ẹrù wà ní yàrá."

Ọlábísí sún mọ́ ọn. "Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, ilé yín ni mo ti ń jẹun. Ẹ ní ọmọ yín ni mí."

"Ọmọdé ni ọ́," ni bàbá wí, kò gbójú sókè. "Mo rò pé wàá rí nǹkan mìíràn ṣe. Èmi ò lè rí."

Ọlábísí wọ yàrá, ó gbé páálí kan. Ó rí i pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ "Amechi" sí i lára, pẹ̀lú inú dídùn, láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún.