Àmì tí Mo Pè ní Dandan

Ọjọ́ kẹta tí kóòdù mi ti kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ni Asiyah fa àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi, ní ọ́fíìsì wa ní Greenbelt, ní Amẹ́ríkà, ọdún 2006. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá Tolú, ojú yín ti pọ́n. Kí ló ń dà yín láàmú?"

Mo fi hàn án. Fọ́ọ̀mù àwọn aláìsàn là ń ṣe. Mo ti ṣẹ̀dá àmì kan ní Java, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, mo pè é ní @Dandan, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo àyè tí èèyàn ò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ lófo: orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù. Síbẹ̀, fọ́ọ̀mù òfìfo ń kọjá bí ẹni pé n kò lẹ nǹkan kan.

"Àmì kì í dá ṣiṣẹ́," ó ní. "Ta ló ń kà á?"

"Mo ti kọ èyí tó máa kà á."

"Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ fún Java pé kó tọ́jú ẹ̀ di ìgbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Inú fáìlì ló dúró sí. Tí ètò bá ń ṣiṣẹ́, kò rí i."

Ó tẹ ìlà kan ṣoṣo: @Retention(RetentionPolicy.RUNTIME). Ojú ẹsẹ̀ ni ètò dá fọ́ọ̀mù òfìfo padà.

"Ọjọ́ mẹ́ta," mo ní.

"Ẹ lọ sùn, bọ̀ọ̀dá."

Ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn.

Ọdún méjì ni mo fi ń gbé e dé ilé rẹ̀ ní Camp Springs nírọ̀lẹ́ kí n tó yí padà sí tèmi ní Largo. Á ti rẹ àwa méjèèjì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kì í rẹ̀ ẹ́.

"Olówó orí mi lọ́la, ṣé o ti sọ fún màmá?"

"Mo ti sọ."

"Pé Mùsùlùmí ni mí?"

"Wọ́n mọ̀."

Wọn ò mọ̀. Ìyá mi kì í fi ìjọ Áńgílíkà wọn ṣeré. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday tí mo bá fẹ́ pè wọ́n n'Íbàdàn, n ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé: Asiyah, @Dandan. A ó sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dùn wọ́n, n ó sì gbé fóònù kalẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Asiyah rí ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, inú rẹ̀ sì dùn gan-an.

Ní 2008, màmá wá kí mi ní Largo. Asiyah gbé mọ́ínmọ́ín wá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Èmi ni Asiyah."

Ìyá mi wo ìbòrí rẹ̀, wọ́n wò mí. "O ṣeun, ọmọ mi. Ta ni Asiyah?"

Ó dìde. Kò sunkún. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Tolú, ó ti rẹ̀ mí. Inú ìwé ẹ nìkan ni mo ti jẹ́ dandan."

Ọwọ́ rẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn kí ohùn mi tó jáde.

"Màmá, ẹni tí mo fẹ́ fi ṣaya nìyí. Mùsùlùmí ni. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń parọ́ fún un pé mo ti sọ fún yín."

Ìyá mi ń fọwọ́ ra orúnkún wọn.

"Ti Mùsùlùmí, èmi àti bàbá ẹ á sọ ọ́, kò sì ní tán lónìí," wọ́n ní. "Ti irọ́, bẹ ọmọ ọlọ́mọ."

Mo kúnlẹ̀ síbi tó kúnlẹ̀ sí. "Má bínú, ìfẹ́ mi."

Asiyah padà wá láti ẹnu ọ̀nà, ó bu mọ́ínmọ́ín fún màmá, ó bu fún mi. Báàgì ṣì wà ní èjìká rẹ̀.

"Jókòó, kí ìwọ náà jẹun," ìyá mi ní.

Ó bọ́ báàgì sílẹ̀.