Ẹni Tó Ń Họ Mọ́tò Láti Abẹ́

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má tíì ká a sápò. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ẹni tó gbọ́ ìkìlọ̀ Ọlọ́run nínú ọkọ̀ ara rẹ̀, tó sì ní afẹ́fẹ́ ni.

Wẹ́dà ni ọkùnrin náà. Géètì ni o, fèrèsé onírin ni o, kò sí èyí tí kò lè jó pọ̀. Ọ̀gá Iná ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ó máa ń tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ìsìn, ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn bá ń gbàdúrà, bàtà rẹ̀ ni yóò máa wò bóyá ó ń dán. "Ohun tí ọwọ́ mi àti iná bá ti ká," ni ó máa ń wí, "kí ni mo fẹ́ yọ Ọlọ́run lẹ́nu sí?"

Mọ́tò kan ni gbogbo ilé rẹ̀ ń wọ̀: òun, ìyàwó rẹ̀, ìyá rẹ̀ tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, àti ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún méje tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kékeré, nítorí pé bí àgbàlagbà ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Ara mọ́tò náà le. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, mọ́tò kan kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Iná, tó wálẹ̀ pẹ́kípẹ́kí bí ẹni ń rá kòrò, tí gbogbo ènìyàn sì ń yíjú wò ó. Ojú rẹ̀ bá a lọ. Láti ọjọ́ náà, ńṣe ni tirẹ̀ ń dà bí àga gíga lójú rẹ̀.

Ó ra sípíríǹgì kúkúrú mẹ́rin, tí kì í ṣe irú èyí tó bá ọkọ̀ náà wá, ó sì gbé wọn tọ mẹkáníìkì ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì jọ ṣe kékeré ni. Mẹkáníìkì yìí ti fi ayé rẹ̀ fún Jésù, kò sì fi ṣe àṣírí.

Ó yí ọ̀kan nínú sípíríǹgì náà wò lọ́wọ́. "Ọ̀gá Iná, ènìyàn mélòó ló ń wọ mọ́tò yìí?"

"Mẹ́rin. Kí ló dé?"

"Èyí kì í ṣe ti ọkọ̀ tó ń kó ìdílé. Bí ẹ bá jókòó sínú rẹ̀ tán, táyà á máa họ ara ọkọ̀ lókè."

"Àfi bí ẹni pé ìyàwó mi ló ń gba ẹnu rẹ sọ̀rọ̀."

"Ó gbọ́n ju àwa méjèèjì lọ, kò burú. N ò ní bá ọ dè é. Mo sì mọ̀ ọ́: má jẹ́ kí iná kan irin yìí o. Irin géètì kọ́. Inú bí wọ́n ṣe fi iná tọ́ ọ ni agbára rẹ̀ wà. Bí iná tìrẹ bá kàn án, á kàn máa dúró bí ẹni tó wà láàyè ni, agbára rẹ̀ á ti kú." Ó dá a padà fún un. "Ọ̀rẹ́, mò ń gbàdúrà fún ọ."

"Gbà á fún táyà. Òun lo sọ pé ìyà ń bọ̀ wá jẹ." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

Ọ̀gá Iná fúnra rẹ̀ ló de sípíríǹgì náà. Ọkọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ kò tó o. Ó tan iná gáàsì, ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì na iná náà sí àwọn ti ẹ̀yìn títí tí wọ́n fi pọ́n, tí ọkọ̀ sì rọra kúnlẹ̀. Ó jáde, ó fẹ̀yìn rìn, ó ń wò ó tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ta ló bá ọ ṣe é?" ìyàwó rẹ̀ bèèrè.

"Mẹkáníìkì ni."

Kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí irọ́ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Bí ó bá dá wà nínú ọkọ̀, ńṣe ló ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí gbogbo wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ohùn kan bẹ̀rẹ̀: ràà, ràà, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé tó ń fi èékánná họ ilẹ̀kùn.

Ìyá Kékeré na ìka sókè. "Ẹ dákẹ́. Bàbá, ẹnìkan ń họ mọ́tò láti abẹ́."

"Afẹ́fẹ́ ni."

"Afẹ́fẹ́ ò ní èékánná, Bàbá."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá Iná kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ ohun tó ń gbọ́. Ó yí rédíò sókè.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ó bá nìkan wà, kẹ́kẹ́ pa. Bí àwọn tó fẹ́ràn bá wọlé, ràà, ràà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gbogbo wọn ń bọ̀ wálé. Ní kọ́nà kan, táyà ẹ̀yìn bọ́ sí kòtò, nǹkan sì kán lábẹ́ wọn: pàù! Ìdí ọkọ̀ lulẹ̀ lápá kan, ó yí bìrí, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ gbá ògiri. Ẹ̀gbẹ́ tí Ìyá Kékeré jókòó sí ni. Ara àwọn àgbà kàn bó ni; ẹsẹ̀ ọmọ náà kán síbi méjì, ó sì ya.

Bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ náà lọ, bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀. Sípíríǹgì ti kán. Ojú ibi tó ti kán, àwọ̀ aró tí iná máa ń fi sára irin wà níbẹ̀. Ó yọ èyí tó já, ó tì í sápò.

Ìyàwó rẹ̀ ń ké lẹ́bàá ọ̀nà: "Mẹkáníìkì! Mẹkáníìkì ló fẹ́ pa mí lọ́mọ!" Gbogbo ènìyàn gbọ́. Ọkọ rẹ̀ gbọ́. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, àwọn oníbàárà ti ń wọ́ ọkọ̀ wọn kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ìyàwó náà lọ dúró níwájú àgọ́ rẹ̀, ó bú u tẹ̀gàntẹ̀gàn. Mẹkáníìkì tẹrí ba. "Ẹ má bínú, ìyàwó wa. Ọlọ́run á wo ọmọ náà sàn." Kò fi kún un.

Àmọ́ ohùn yẹn kò dúró lára ọkọ̀. Ó tẹ̀ lé Ọ̀gá Iná. Bí ó bá pa ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù, ràà, ràà. Bí ó bá ń bu omi sára, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri. Ó di etí méjèèjì. Inú ni ó ti ń wá. Irin tó kán yẹn, ó fi àkísà bò ó, ó tún gbé e síbòmíràn, ó tún gbé e. Níkẹyìn, ẹ̀rù bà á láti fi í sílẹ̀ níbikíbi. Ó ń gbé e kiri nínú àpò bí ẹni tó gbé ejò.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ibà gbé ọmọ náà dè ní ilé ìwòsàn. Mẹkáníìkì wá kí i, ó gbé ọsàn lọ́wọ́. Ìyàwó náà kọjú sí ògiri. Ìyá Kékeré la ojú tí kò ríran dáadáa.

"Bàbá."

"Mo wà níbí, ọmọ mi."

"Ẹni tó ń họ mọ́tò yẹn, ṣé ó ti wọlé ni? Mò ń gbọ́ ọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

Ọ̀gá Iná dìde. Ó fi ọwọ́ tẹ ògiri jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"O mọ̀," ni Ọ̀gá Iná wí. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo mọ̀. Mo lọ wo ọkọ̀ níbi tí wọ́n wọ́ ọ sí, mo rí ibi tí iná kàn."

"Wọ́n ti ba orúkọ rẹ jẹ́!"

"Ó dùn mí. Má rò pé kò dùn mí, mo sunkún. Àmọ́ bí èmi bá sọ ọ́, àwọn á mọ̀ ni, ìwọ á kàn wá irọ́ mìíràn. Ìwọ ni mò ń dúró dè." Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ọ̀rẹ́, ẹ̀bi rẹ kan ṣoṣo ni mo gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀yìn mi ti fẹ́ kán. Ẹnìkan wà tó gbé gbogbo rẹ̀, tèmi wà níbẹ̀, kò dá ara rẹ̀ láre, títí wọ́n fi kàn án mọ́ igi. Èyí tó kàn mí, mo ti dárí rẹ̀ jì ọ́. Ìyókù, ọ̀dọ̀ Jésù ni."

Níbẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, Ọ̀gá Iná kúnlẹ̀. "Jésù, irọ́ ni mo pa. Ìgbéraga ni mo fi sun irin náà. Èmi ni mò ń họ ilé mi láti abẹ́. Ṣàánú mi."

Nígbà tó dìde, ó wọlé, ó yọ irin náà lápò, ó sì gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Mẹkáníìkì kọ́," ó wí fún ìyàwó rẹ̀. "Ó kọ̀ fún mi. Èmi ni mo fi iná sí i."

Obìnrin náà wo irin náà títí. Ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ kọjá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì wólẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì níwájú mẹkáníìkì.

N kò ní tàn ọ́. Ibà náà kò lọ lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ karùn-ún ló tó lọ. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ọ̀gá Iná gba ojúlé sí ojúlé lọ láti tún orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe, àwọn kan sì tì í jáde. Ọmọ náà ń tiro díẹ̀ títí di òní.

Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì dá àwọn sípíríǹgì àtijọ́ padà sára ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí gbogbo wọ́n tún wọ̀ ọ́, Ọ̀gá Iná kò tan rédíò. Wọ́n rìn díẹ̀. Ìyá Kékeré na ìka sókè.

"Ẹ dákẹ́."

Wọ́n dákẹ́.

"Ó ti lọ," ni ó wí.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń kàwé yìí, ìwọ ńkọ́? Bóyá o kò sun irin rí. Ṣùgbọ́n kí ni o gbé sápò tí o ń gbé kiri? Ta ló ń jẹ ẹ̀bi tó jẹ́ tìrẹ? Jésù ti gbé e, kò sì tíì sú u láti dúró dè ọ́. Àmọ́ kòtò wà ní kọ́nà, ìwọ kò sì mọ èwo ni. Níbi tí o jókòó sí yìí gan-an, pè é lónìí. Sọ òtítọ́ fún un.

Kí o tó ká ìwé yìí, dákẹ́ díẹ̀. Ṣé o ń gbọ́ ọ?

Má sọ pé afẹ́fẹ́ ni.