Ẹni Tí Fèyí Kò Yàn

Ìjókòó ni wọ́n kọ́kọ́ jà lé lórí. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí Fèyí wá sí ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá rẹ̀ olóògbé kọ́ sí Bwari ní Àbújá, iwájú pátápátá ló lọ jókòó sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ igbákejì pásítọ̀ wá bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún màmá yìí. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n."

Obìnrin kan fà á lápá. "Nehemiah, ọmọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn o!"

"Ọlọ́run ló ni ṣọ́ọ̀ṣì, mà. Ẹ dìde, àǹtí."

Fèyí dìde. Inú bí i, ṣùgbọ́n títí ìsìn fi parí, ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà ni ojú rẹ̀ wà.

Iṣẹ́ lọ́yà ni Fèyí ń kọ́. Nehemiah ní tirẹ̀ ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì ní Kugbo láàárín ọ̀sẹ̀. Kò pẹ́ tí Fèyí fi ń lọ jókòó tì í níbẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi, eruku pákó yìí á ba aṣọ rẹ jẹ́."

"Jẹ́ kó bà á jẹ́."

Nígbà tí pásítọ̀ àgbà darúgbó, tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, wàhálà dé. Nígbà tí bàbá Fèyí fún ìjọ nílẹ̀, àdéhùn wọn ni pé òun ni yóò máa yan pásítọ̀, àti ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Fèyí nìkan sì lọmọ tó bí.

"Ìwọ ni mo máa yàn, ọkàn mi."

"Má yàn mí o," ni Nehemiah wí. "Iṣẹ́ yìí wù mí ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbà á lọ́wọ́ rẹ, ọjọ́ tí mo bá wàásù òtítọ́ tó dun ẹbí yín, wọ́n á ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ gba ìwọ àti ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀."

Ó dun Fèyí wọra. Ó rò pé inú Nehemiah á dùn ni.

Àbúrò bàbá rẹ̀, Dádì Òjó, ránṣẹ́ pè é sílé rẹ̀ ní Maitama. Ìyá Fèyí ti wà níbẹ̀.

"Mo ti rí pásítọ̀," ni Dádì Òjó wí. "Olúwadémiládé, ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Òun náà ni wàá fẹ́. Ọkọ àti ṣọ́ọ̀ṣì á jọ wà nínú ẹbí."

"Dádì, báyìí gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Ẹni tó bá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń yan àlùfáà. Ọmọ ń jogún ẹ̀tọ́ náà bí ẹní jogún oko. Wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń fi kún ẹrù ìyàwó. Kò sẹ́ni tó ń bi àwọn tó ń jókòó gbọ́ ìwàásù."

"Ṣé torí kó o lè máa gbó mi lẹ́nu lo ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́yà?"

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. "Fèyí, àkàbà ni káfíńtà yẹn fẹ́ fi ẹ́ ṣe."

"Mọ́mì, òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n má yan òun."

"Irọ́ ni!" ni Dádì Òjó wí.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìdí tí Nehemiah fi kọ̀ tó yé Fèyí: pásítọ̀ tí ẹbí bá yàn, ẹbí ni yóò máa darí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dìde láàárín ìjọ.

"Ẹ̀tọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo fi lé yín lọ́wọ́. Láti òní lọ, ẹ̀yin ni ẹ ó máa yan pásítọ̀ yín."

"Jókòó!" Dádì Òjó pariwo.

"Mi ò ní jókòó, sà. Èmi ni ẹ̀tọ́ náà tọ́ sí, mo sì ti fi í sílẹ̀."

Ìjọ dìbò. Abíọ́nà, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n yàn. Nehemiah fìdí rẹmi.

Fèyí bá a níta. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Ó dùn mí gan-an. Mo rò pé wọ́n á mú mi."

"Èmi ni mo fà á."

"Rárá o. Wọ́n ti gbọ́ ìwàásù mi, wọ́n sì yan ẹlòmíì. Ìyẹn sàn ju kí wọ́n má lè sọ̀rọ̀ lọ."

"Ṣé wàá ṣì fẹ́ mi, olówó orí mi?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú omijé. "Ìbéèrè wo nìyẹn?"

Dádì Òjó búra pé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò gbọ́dọ̀ yọjú síbi ìgbéyàwó náà. Ìyá Fèyí rí i pé Nehemiah kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ ọmọ òun, síbẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ rọ̀, àmọ́ ẹ̀rù Òjó ń bà á. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó yọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sẹ́yìn.

Pásítọ̀ Abíọ́nà béèrè pé, "Ta ló fi obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí?"

Àwọn èèyàn ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ni, sà," Fèyí dáhùn, ohùn rẹ̀ sì ròkè. "Èmi fúnra mi ni mo fi ara mi fún un."

Ní ìjókòó ẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ dìde dúró.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ ka èmi náà mọ́ àwọn tó fi í fún un."